Bàbá Onígún: Dókítà Ẹran Tó Bẹ Igún Padà Sójú Ọ̀run

Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá tó dá erin tó dá èèrà, tó fún òkín ní ìyẹ́ aláràbarà, tó sì fún igún ní orí pípá, tí kò sì ṣàṣìṣe nínú méjèèjì. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ bá Bàbá wa ṣiṣẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ bá wọn jà, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìdúró tì wá. Kò sí ẹkún púpọ̀ nínú ìwé yìí. Ẹni tó gbó tó tọ́, tó ṣàṣìṣe tó sì rí àtúnṣe rẹ̀ fojú ara rẹ̀, ìdúpẹ́ ló kàn.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1941 ni a bí Bàbá, sínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Bàbá tó bí wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá tó bí wọn jẹ́ aránṣọ, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó fi jẹ́ pé ariwo ayùn lọ́tùn-ún àti ariwo ẹ̀rọ lósì ni Bàbá kọ́kọ́ gbọ́ láyé. Ọmọ karùn-ún ni wọ́n nínú ọmọ méje. Ọmọ a-gé-pákó-má-yẹ̀, ọmọ a-ránṣọ-bí-ẹni-kọ̀wé. Wọ́n ní orí wọn pá kodoro bí ẹyin lọ́jọ́ tí wọ́n dé, irun kò sì hù níbẹ̀ títí wọ́n fi lé lọ́mọ ọdún méjì. Ìyá ìyá wọn gbé wọn lọ́wọ́, ó wò wọ́n títí, ó ní, "Àgbàlagbà ti dé bá wa nínú ilé yìí o! Ẹ tètè bá a wá ọ̀pá."

Orí tábìlì tí ìyá wọn fi ń gé aṣọ ni Bàbá ti kọ́ ìwé kíkà, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi kọ orúkọ ara wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, kò ku ohun tí olùkọ́ lè kọ́ wọn ju ìjókòó jẹ́ẹ́ lọ, èyí kò sì mọ́ wọn lára títí di ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ dé. Ní ọdún 1950, ewúrẹ́ aládùúgbò kán lẹ́sẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, bàbá wọn wá rúlà onígi rẹ̀ tì, ó bínú sí gbogbo ọmọṣẹ́, ó tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ kẹrin ni ewúrẹ́ náà tiro kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, rúlà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òwú ìránṣọ yí i ká.

"Ẹ sáà wò ó!" ni bàbá wọn kígbe. "Rúlà mi ti ń rìn káàdúgbò!"

Wọn kò na Bàbá. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà san, ó tọ́ gbọnrangandan, káfíńtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi yangàn pé rúlà òun ti wo aláìsàn sàn.

Ní ọdún 1961, lẹ́yìn ilé ìwé girama, ìyá wọn ti ròyìn fún gbogbo oníbàárà pé ọmọ òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Nígbà tí àṣírí tú pé dókítà ẹran ni, odindi ọjọ́ méjì ló fi sá fún àwọn oníbàárà. Ó wá ní, "Kò burú. Ó kéré tán, màlúù kò ní purọ́ fún ọ pé òun ti lo oògùn òun tán." Bàbá jáde ní yunifásítì ní ọdún 1967, wọ́n sì gba iṣẹ́ ní odò ẹran, níbi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù. Ọ́fíìsì wọn ní fèrèsé kan, tábìlì kan tí bíríkì rọ́pò ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹrin, àti ìhò kan lára ògiri tí wọ́n máa ń gbé kọ́ọ̀bù tíì sí. Ẹ̀yìn fèrèsé náà ni ààtàn ńlá wà, níbi tí wọ́n ń wọ́ màlúù tó bá kú fúnra rẹ̀ sí, nítorí a kì í ta irú ẹran bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn jẹ.

Àwọn igún ló ni ààtàn náà. Láàárín wákàtí kan péré, wọ́n á ti jẹ màlúù kan dé egungun, kò ní sí òórùn, kò ní sí eṣinṣin. Ẹlòmíràn á rí wọn, á tutọ́. Bàbá ní tiwọn á ṣí fèrèsé láràárọ̀, wọ́n á kí wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agbálẹ̀!" Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n á jókòó pẹ̀lú ìwé jotter, wọ́n á ka igún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tó wà lójú ewé àkọ́kọ́, ní oṣù kìíní ọdún 1968, jẹ́ 346.

Ní ọdún 1969, ọmọ há sínú màlúù kan, ìbọ̀wọ́ tán lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n sáré lọ sí ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní òdìkejì títì lọ yá. Agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wò wọ́n látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ta lẹ fi wẹ̀ báyìí?"

"Ti ìyá ìkókó ni, Nọ́ọ̀sì. Ó ń rọbí lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wá?"

"Kò lè gba ẹnu ọ̀nà yín wọlé. Ó ní ìwo."

Agbẹ̀bí náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó mú ìbọ̀wọ́ méjì, ó tẹ̀ lé wọn, òun àti Bàbá ni wọ́n sì jọ fa ọmọ màlúù náà jáde. Bàbá máa ń sọ pé obìnrin tó bá lè bá ènìyàn fa màlúù lè bá a fa ilé. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n gbéyàwó. Màmá wa nìyẹn, wọ́n jókòó níwájú yín lónìí. Ọmọ márùn-ún ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọwọ́ Bàbá tutù lára ẹran. Bí màlúù bá ti kọjá ìwòsàn, àwọn dókítà yòókù á ju ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Bàbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tuntun kan dé ní ọdún 1993, tó ń lé ìrora, tó ń rọ ibà, tó ń mú wíwú lọlẹ̀, Bàbá ni ẹni àkọ́kọ́ tó lò ó níbí. Màlúù tó ti dùbúlẹ̀ á dìde láàárín wákàtí kan. Àwọn olówó ẹran ń pè wọ́n ní Ọwọ́-Ìtura. Èyí tí kò bá sì ní dìde mọ́, Bàbá á fún un ní ìwọ̀n tó kún, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn títí yóò fi mí èémí ìkẹyìn. Wọ́n pe èyí ní abẹ́rẹ́ ìdágbére. "Kò yẹ kí ohunkóhun tí Ọlọ́run dá jẹ̀rora lọ sọ́run," ni wọ́n máa ń wí. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, ó di àṣà ní odò ẹran. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọ́ òkú màlúù lọ sí ààtàn.

Ní ọdún 1996, àwọn igún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọrùn bí ọmọ tí oorun ń kùn. Wọ́n á bà sórí igi lọ́sàn-án, ọrùn á máa já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti já bọ́. Ìwé jotter wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó: 1996, igún 290. 1999, igún 81. Ní ọdún 2002, mẹ́sàn-án péré. Inú àwọn ará ìlú kọ́kọ́ dùn pé ẹyẹ burúkú ti lọ. Ṣùgbọ́n àìsí ológbò nílé, ilé dilé èkúté. Màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lórí ààtàn, eṣinṣin bo ojú fèrèsé, àwọn ajá tí kò ní olówó sọ ibẹ̀ di ilé oúnjẹ, wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń bu àwọn ọmọ iléèwé jẹ. Màmá ní àkókò kan wà tí ojú egbò ajá tí àwọn ń dì ní ilé ìgbẹ̀bí ju ọmọ tí àwọn ń gbà lọ.

Bàbá gbà pé ẹnìkan ló ń fún àwọn igún ní májèlé. Ní ọdún 2001, wọ́n bọ́ sí àárín odò ẹran, wọ́n na ìka sí olórí àwọn alápatà, ọkùnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀bẹ-Mímú.

"Ìwọ lò ń pa àwọn ẹyẹ mi!"

"Èmi kẹ̀?" Ọ̀bẹ-Mímú pàtẹ́wọ́. "Dókítà, kí ni n óo fi ẹyẹ tó pá lórí ṣe? Ṣé kí n tà á ní kílò ni?"

Gbogbo odò ẹran rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Fún ọdún méjì gbáko, wọn kò kí ara wọn.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún 2003, igún kan já bọ́ níwájú ọ́fíìsì, ara rẹ̀ ṣì gbóná. Ọmọ kejì Bàbá, obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun àti Bàbá jọ la ẹyẹ náà. Kíndìnrín rẹ̀ ti wú, nǹkan funfun bí ẹfun sì bò ó, ó bo ọkàn, ó bo ẹ̀dọ̀. Bàbá kò rí irú rẹ̀ rí ní ọdún mẹ́rìndínlógójì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e lọ.

Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Màmá ń gé búrẹ́dì ní kíṣíìnì, Bàbá ń po tíì.

"Bàbá, kì í ṣe májèlé o. Oògùn ni."

"Oògùn wo?"

"Abẹ́rẹ́ ìrora. Èyí tí ẹ ń fún màlúù. Màlúù gbà á, igún kò gbà á. Bó ti wù kó kéré tó nínú ẹran, bí igún bá jẹ ẹ́, kíndìnrín rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀."

Bàbá po tíì náà lọ, wọ́n pò ó bọ̀. Wọ́n wá béèrè pé, "Màlúù wo ló máa ń ní in lára jù?"

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀ kó tó dáhùn. "Èyí tó bá kú kété tó gbabẹ́rẹ́ tán, sà. Kò tíì ráyè tọ̀ ọ́ dànù."

Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún Bàbá. Abẹ́rẹ́ ìdágbére ni. Àánú wọn gan-an ni wọ́n ti ń fi bọ́ àwọn igún láti ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ní, "Igún ṣoore, igún pá lórí. Èmi náà ṣoore, mo pa igún."

Àkọ́bí wọn ọkùnrin, tó fi ìfẹ́ sọ̀rọ̀, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kàn jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́ náà, kí wọ́n sì panu mọ́. "Ta ló mọ̀, Bàbá? Ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ fi kó orúkọ rere yìí jọ." Ọ̀rọ̀ náà wọni létí. Ṣùgbọ́n gbogbo dókítà àti gbogbo ẹni tó ń ta oògùn ẹran ló ti ń lo abẹ́rẹ́ náà nígbà náà. Bí Bàbá nìkan bá jáwọ́, àwọn tó kù á parí iṣẹ́ náà. Igún kì í yé ju ẹyin kan lọ lọ́dún. Mẹ́jọ ló sì ṣẹ́kù. Nínú orúkọ Bàbá àti ẹyẹ wọ̀nyẹn, ọ̀kan ní láti lọ.

Màmá ló dá ẹjọ́ náà. "Bàbá àwọn ọmọ, ojú ọjà lẹ ti pe ènìyàn ní apẹyẹ. Ṣé kíṣíìnì lẹ máa ti bẹ̀ ẹ́?"

Ní ọjọ́ Túsìdé, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 2003, Bàbá dìde níwájú ìpàdé àwọn olówó ẹran àti alápatà, nínú gbọ̀ngàn tí fáànù kan ṣoṣo ti ń kọrin arò. Wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n fi ṣègbéyàwó. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará, mo wá jẹ́wọ́. Ọ̀bẹ-Mímú kò pa igún. Èmi ni mo pa wọ́n. Abẹ́rẹ́ tí mo kó wá bá yín ló pa wọ́n, mo sì bẹ̀ yín, kí a dá a dúró lónìí."

Gbọ̀ngàn náà dàrú.

"Kí màlúù mi máa jẹ̀rora nítorí gúnnugún?"

"Dókítà, ṣé ẹyẹ ló gbà yín síṣẹ́ ni àbí àwa?"

Ọ̀bẹ-Mímú dìde, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Ọdún méjì! Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ apẹyẹ nílùú yìí. Ìyàwó mi gan-an ń wojú mi. Dókítà, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ yìí ti inú wá?"

Bàbá ṣí fìlà. Iná gbọ̀ngàn náà tàn sórí wọn, orí náà ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Mo jọ àwọn tí mo pa. Bí mo bá wo dígí láràárọ̀, àwọn ni mò ń rí."

Ọ̀bẹ-Mímú gbìyànjú láti bínú, kò rí i ṣe. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn gbà á. Láti ẹ̀yìn ni ẹnìkan ti kígbe, "Bàbá Onígún!" Yẹ̀yẹ́ ni ẹni náà fi orúkọ yẹn ṣe. Bàbá délé, wọ́n sọ fún Màmá pé, "Ìyá àwọn ọmọ mi, ẹ bá mi yọ̀, wọ́n ti fi mí joyè."

Ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ẹ̀rín kì í ṣe ìlérí. Oògùn mìíràn wà tó ń lé ìrora màlúù tí kò sì ń ṣe igún ní nǹkan kan, àmọ́ ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, àwọn olówó ẹran kò sì ní sùúrù fún un. Wọ́n kọ Bàbá sílẹ̀, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ àtijọ́ lọ. Bàbá ń lọ láti ọgbà ẹran kan dé èkejì lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ń ṣàlàyé, wọ́n ń gbọ́ èébú, wọ́n ń dáhùn ní ẹ̀rín. Gbogbo màlúù tó bá kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹni yòówù kó gún un, Bàbá á gbé ṣọ́bìrì, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á sin ín kó má bàa dé ààtàn. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta tí ń gbẹ́ sàréè fún màlúù! Màmá ní ẹ̀yìn wọn ni òróró ilé tán sí. Síbẹ̀, nígbà tó máa di òpin ọdún 2004, igún ti ku méje.

Ọ̀nà tí Olúwa gbà dá sí ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, Ọ̀bẹ-Mímú ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin nínú gbọ̀ngàn kan náà, tí ààtàn kò jìnnà sí. Òkú màlúù méjì ti wà lórí ààtàn láti ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n ti ń gé àkàrà òyìnbó lọ́wọ́ ni afẹ́fẹ́ yí padà. Òórùn wọlé kí ègé àkọ́kọ́ tó dẹ́nu ìyàwó. Àwọn àna di imú mú. Ẹni tó ń ya fọ́tò dákú. Ajá mọ́kànlá sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, wọ́n wo àkàrà òyìnbó, àkàrà òyìnbó wò wọ́n. A kò ní sọ ibi tó parí sí nínú ìwé ìsìnkú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀bẹ-Mímú wá kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àwọn ẹyẹ yín padà."

"Wọn ò ní fóònù."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá Onígún. Kí ni kí n ṣe?"

Bàbá fa àga fún un, wọ́n po tíì fún un. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àwọn méjèèjì sì ti jìn. Nígbà tó máa di oṣù kẹta ọdún 2006, Ọ̀bẹ-Mímú ti fi àṣẹ lélẹ̀ pé wọn kò ní gba màlúù kankan wọ odò ẹran lọ́dọ̀ ẹni tó bá ṣì ń lo abẹ́rẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ bá Bàbá kiri láti gba èyí tó kù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ìgò 413 ni wọ́n kó jọ. Ẹnìkan ní kí wọ́n dà á sí gọ́tà, kí ọ̀rọ̀ tán. Bàbá ní, "Gọ́tà ń lọ sódò. Ṣé ẹja kò ní kíndìnrín ni?" Ilé ìwòsàn ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ, inú iná ńlá tí wọ́n fi ń jó ìdọ̀tí oògùn ló parí sí.

Lẹ́yìn èyí, ìdúró ló kù. Ọdún 2006, méje. Ọdún 2007, méje. Àwọn ènìyàn ní Bàbá ń ṣọ́ igi tí kò ní so. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2008, Bàbá gbé awò sójú, wọ́n rí nǹkan tó ń mì nínú ìtẹ́ lórí igi gíga tó wà lẹ́yìn ààtàn. Ọmọ ni. Kò ní irun, ojú rẹ̀ hun jọ, ẹnu rẹ̀ gùn ju orí rẹ̀ lọ. Bàbá sáré wọ àárín àwọn alápatà, wọ́n ń jó, wọ́n ń kígbe pé, "Ẹ wá wò ó, ó burẹ́wà! Ẹ bá mi yọ̀, ó burẹ́wà púpọ̀!" Wọ́n pín súìtì fún gbogbo odò ẹran, títí kan ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ àtijọ́ nígbà kan rí. Ní ọdún 2014, igún ti di mẹ́tàlélógún, nítorí àwọn mìíràn gbọ́ ìròyìn lókèèrè, wọ́n wá dara pọ̀. Ajá dínkù. Ààtàn padà mọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń rìn láìmú igi lọ́wọ́.

Ní ti ìgbàgbọ́, alàgbà ni Bàbá nínú ìjọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ náà ní oríkì yìí, tí olùṣọ́-àgùntàn kọ́kọ́ bẹ̀rù pé kì í ṣe orin ìjọ:

Igún, arúgbó ọ̀sán gangan,
a-ṣí-fìlà-kí-Ọlọ́run,
a-gbálẹ̀-má-gbé-ìgbálẹ̀,
a-jẹ-àrùn-má-ṣàárẹ̀.
Onígbàjámọ̀ rí ọ, ó ká irin iṣẹ́ rẹ̀.
Òkín lẹ́wà, kò lè fọ ìlú mọ́;
ìwọ lo fọ ìlú, a wá ń pè ọ́ ní ìdọ̀tí.
Má bínú, má lọ mọ́.

Láti ọdún 2003, àdúrà kan wà tí Bàbá kì í fò ní òwúrọ̀. Ní gbogbo ilé la mọ̀ ọ́n: "Olúwa, dárí ibi tí mo mọ̀ jì mí. Èyí tí mo ṣe tí mo pè ní oore, fi hàn mí kó tó pẹ́ jù."

Bàbá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ̀yìn ti Sátidé. Nígbà tí ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ wọ́n ní ọdún 2022, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ló ń bá wọn ka igún. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2024, ó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ó ní, "Mẹ́rìnléláàádọ́rin, Bàbá àgbà." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ó ku kan. Ó máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn òrùlé odò ẹran. Lọ wò ó dáadáa." Ọmọ náà kùn, ó lọ. Òótọ́ ni, ọ̀kan wà níbẹ̀, ó na ìyẹ́ méjèèjì sí oòrùn. Nígbà tó fi padà dé, Bàbá ti sùn, awò ojú wọn ṣì wà nímú. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Màmá wa ọ̀wọ́n, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, àbúrò wọn obìnrin kan, ọmọ márùn-ún: àkọ́bí tó jẹ́ káfíńtà bíi bàbá bàbá rẹ̀, ọmọbìnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò, olùkọ́ kan, awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin kan, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ dókítà ẹran, tó ń lo ọ́fíìsì kan náà, tó sì ti ra tábìlì tó pé ẹsẹ̀, ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlá, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn kò tíì hu irun. Ọ̀bẹ-Mímú náà wà láàyè. Ó ní kí a kọ orúkọ òun mọ́ ẹbí, a sì ti kọ ọ́.

Bàbá fi ìwé kan sílẹ̀ ní ọwọ́ ara wọn, èyí tí a kọ mọ́ lẹ́tà tí a fi pè yín. Wọn kò fẹ́ òdòdó. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ràn àwọn yẹ inú dúrọ́ọ̀, abẹ́ ìrọ̀rí àti àpò rẹ̀ wò, kó kó gbogbo oògùn tó ti bàjẹ́ àti èyí tí kò lò mọ́, ìbáà ṣe ti ènìyàn tàbí ti ẹran, kó mú un wá síbi ìsìnkú. Kó má dà á sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó má dà á sí gọ́tà, kó má sọ ọ́ sígbó, nítorí ohun tó ń wo wá sàn lè jẹ́ ikú ẹja, àkèré àti ẹyẹ. Àpótí tí àkọ́bí wọn kàn wà lẹ́nu ọ̀nà, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan dúró tì í, yóò kó ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lọ síbi iná lọ́sàn-án òní. Bí ẹ bá ti ju tiyín sínú rẹ̀, ẹ ti ki Bàbá. Bí ẹ bá gbàgbé tiyín sílé, ọ̀la ṣì wà: àpótí náà kò ní kúrò níbẹ̀.

Bàbá wa, ẹ kò lọ pẹ̀lú gbèsè ẹ̀bẹ̀. Àwọn tí ẹ ṣẹ̀ ti dárí jì yín, èyí tó lẹ́nu àti èyí tó ní ṣónṣó ẹnu. Kí Ẹni tó ń bọ́ ẹyẹ gbà yín sí ìsinmi, kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn, kí ojú ọ̀run máṣe ṣófo lórí yín láéláé. Ọwọ́-Ìtura, Bàbá Onígún, ẹ sùn ire o.